Wákàtí Kan Péré Ni sí Àbújá

Tí ẹ bá bi mí pé báwo ni Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe jìnnà sí Àgọ́-Ìwòyè, mi ò ní sọ iye kìlómítà fún yín. Ohun tí n ó sọ ni pé ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n afárá rẹ̀ nípọn, mo sì ti sọ̀kalẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ dáadáa kí n tó gbà láti máa gbà á kọjá lọ síbi iṣẹ́. Bí mo ṣe ń mọ ọ̀nà nìyẹn. Ẹlòmíràn a máa wọn gígùn ọ̀nà; èmi a máa wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé wọ́n bí ìbẹ̀rù mọ́ mi. Òde-Omi ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà, níbi tí ọmọdé ti ń mọ ọkọ̀ tù kó tó mọ bàtà wọ̀. Àmọ́ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́bìnrin, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èmi àti àwọn ará ìjọ wa lọ síbi ìkórè ní Mákùn-Omi dojú dé. Ọ̀sán gangan ni, afẹ́fẹ́ kankan ò jà. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ọlọ́kọ̀ ní ká fọkàn balẹ̀, kò jìnnà, ibẹ̀ la sì ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Òótọ́ ló sọ. Mò ń wo ibẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń mu omi. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo kan ni mo dì mọ́ tó gbà mí là. Olúwa ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú; iṣu ìkórè nìkan ló rì. Ewúrẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe ọrẹ ìdúpẹ́ ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ nínú gbogbo wa, ó sì ti ń jẹ koríko nígbà tí wọ́n wọ́ mi jáde.

Ìjọ Aládùúrà ni ìjọ wa, ó sì ní àṣà kan níbẹ̀ létí omi. Bí ọmọ ìjọ kan bá fẹ́ la omi kọjá, àwọn ìyá àdúrà á dúró sí èbúté, wọ́n á máa gbàdúrà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ jókòó, kò sì gbọdọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu, títí ẹsẹ̀ ẹni náà yóò fi kan ilẹ̀ lódìkejì. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wa dojú dé, mi ò gbọ́ kí ẹnì kankan sọ pé èrò inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ni pé ta ló jókòó. Wọ́n wádìí títí wọ́n fi rí ìyá arúgbó kan tó jẹ́wọ́ pé òun fìdí lé àpáta díẹ̀ kí òun lè yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. Ìwòkuwò ni wọ́n ń wo ìyá náà títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Èmi ní tèmi jẹ́ ẹ̀jẹ́. Mo ní ìrìn yòówù tí kò bá ti sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, sùtánà funfun mi ni n ó wọ̀ rìn ín, kí Ọlọ́run lè tètè rí mi tí n bá tún jábọ́. Ẹni tó bá sì mọ ìjọ aláṣọ funfun mọ̀ pé a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ẹ̀jẹ́ náà kò ni mí lára rárá, nítorí mi ò rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo fi etí omi sílẹ̀, mo gòkè wá, mo kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Tíṣà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, fẹ́ mi. Mo rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan gbà ní Àgọ́-Ìwòyè, lọ́nà yunifásítì, ibẹ̀ ni mo ti ń rán aṣọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà náà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, obìnrin ni. Nígbà tó fẹ́ wọ yunifásítì, ti Àgọ́-Ìwòyè ló wọ̀. Bàbá rẹ̀ máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé torí ẹ̀kọ́ tó yè kooro tó wà níbẹ̀ ni. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èmi tí mo fa ọmọ náà létí mọ ohun tí mo rò: tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Gbogbo ọdún tó lò níbẹ̀ ni mo fi sùn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wá rán an lọ sìnrú ìlú ní Àbújá, ó pàdé ọmọkùnrin kan níbẹ̀, ó sì di ará Àbújá. Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti wá ṣe ìgbéyàwó, nítorí náà kò sí ohun tó gbé mi débẹ̀. Mo béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní láti ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ni, tí ọkọ̀ kò bá bàjẹ́, tí àwọn ajínigbé kò bá sì jáde láti inú igbó. Mi ò béèrè mọ́.

Nígbà tí oyún rẹ̀ wá dàgbà, wọ́n sọ fún un ní ọsibítù pé ọmọ náà dá bùú nínú, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé e. Wọ́n mú ọjọ́ fún un. Ọmọ mi kì í ṣe ojo, ó kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà lórí fóònù, ó ní òun ò ní rọbí bí àwọn yòókù, òun kàn máa sùn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ náà ku fẹ́ẹ́rẹ́, ó pè mí ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kan, ẹkún ló ń sun. Ó ní ìyàwó aládùúgbò òun kan wọlé fún irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, kò jáde.

Ó ní, "Màámi, mo fẹ́ rí yín kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Tí mi ò bá rí yín, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé mi."

Mo ní n ó wá. Ó ní báwo ni n ó ṣe wá, òun ò fẹ́ kí n gba ojú ọ̀nà yẹn o. Mo ní n ó wọ bàálù. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu mi ló ti jáde ṣá, akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń wọn ara rẹ̀ fún aṣọ sì gbójú sókè wò mí.

Ọkọ ọmọ mi fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sórí fóònù ọkọ mi. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà ni bàálù yóò gbéra. Tí n bá pàdánù rẹ̀, kò sí òmíràn tó lè mú mi bá a kí wọ́n tó gbé e wọlé.

Ọkọ mi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tí ọwọ́ rẹ̀ sì ti dilẹ̀, rò pé ìwé ló lè wò mí sàn. Ó gbé àtìláàsì jáde, ó fi rúlà wọ̀n láti Èkó dé Àbújá, ó ní kí n wò ó, kò gùn tó ìka ọwọ́. Mo wò ó. Mo fi ọwọ́ sórí ìlà búlúù kan tó dábùú ọ̀nà náà.

Mo ní, "Kí nìyí?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ti gbàgbé láti fi ọwọ́ bò ó. Ó ní, "Odò Ọya ni."

Mo ní, "Ta ni yóò gbé mi sọdá Ọya?"

Ó pa àtìláàsì dé. Ó ní wákàtí kan àti díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ lókè. Ó ní, "Kó o tó bẹ̀rù tán, o ti débẹ̀." Mo sọ fún un pé kò mọ bí ìbẹ̀rù mi ṣe yára tó.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìjọ. Ìyá Ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni tó ṣáájú gbogbo àwọn ìyá àdúrà, jẹ́ obìnrin sísanra kan tí orúnkún ń dùn. Ìlápòrú, ìlú kan nítòsí wa, ló ti máa ń wá, kò sì pa ìsìn kan jẹ rí. Èmi fúnra mi ni mo mú àṣà dídúró yẹn wá bá wọn láti etí omi; wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ wọn ò tíì rí ẹni tí wọ́n máa dúró fún, torí kò sí ọ̀sà ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Inú wọn dùn pé èmi náà ni mo wá dé pẹ̀lú bàálù. Ohun tí Ìyá Ìjọ fẹ́ mọ̀ ni bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Ó ní kí wọ́n pe ọkọ mi wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Áńgílíkà ni, kó wá sọ ọ́ bó ṣe rí lójú gbogbo ìjọ. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó dúró síwájú, ó ní wákàtí kan àti díẹ̀ ni.

Ìyá Ìjọ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀nà tí mọ́tò ń fi odindi ọjọ́ rìn? Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń fi àwa arúgbó ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ọkọ mi fi gbogbo ohun tó mọ̀ búra. Wọ́n fikùn lukùn díẹ̀, wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò tilẹ̀ tó ìwàásù Wòlíì ìjọ wa. Wọ́n á dúró. Mo kàn gbọ́dọ̀ fi fóònù sọ fún wọn nígbà tí ẹsẹ̀ mi bá fẹ́ kúrò nílẹ̀, kí n tún sọ nígbà tó bá kan ilẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe dé pápákọ̀ òfurufú ní Ìkejà nínú sùtánà, láìwọ bàtà, tí ọkọ mi ń gbé báàgì tẹ̀lé mi lẹ́yìn bíi pé kò mọ̀ mí rí. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ èrò wò, ọkọ mi gbé báàgì fún mi, ó padà sílé, ó wá ku èmi àti wọn. Ọ̀gbẹ́ni tó wà níbẹ̀ ń pariwo pé kí oníkálukú bọ́ bàtà sínú abọ́. Nígbà tó kàn mí, ó wo abọ́, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní bàtà mi dà. Mo ní mi ò ní. Ó ní àmọ́ nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà nínú abọ́. Mo fi ìwé Sáàmù mi sí i. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ Sáàmù wò tọkàntọkàn, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n ní kí n máa lọ.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì já wa sílẹ̀ nídìí bàálù, mo pe Ìyá Ìjọ. Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ kúrò nílẹ̀ o." Mo gbọ́ tó ké sí àwọn yòókù kí wọ́n dìde, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe dá orin sílẹ̀. Mo pa fóònù sápò.

Mo wá gbójú sókè. Mi ò tíì sún mọ́ bàálù tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ga. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ lójú, ó fi jẹ́ pé ènìyàn á máa wo ìsàlẹ̀ bó ṣe ń gòkè. Ní Òde-Omi, kí èèyàn tó wọ ọkọ̀, a máa tẹ̀ ba, a ó fi ọwọ́ bu omi díẹ̀, a ó fi kan iwájú orí, kí omi lè mọ̀ pé a kí òun. Mi ò ṣe é láti ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, níwájú àtẹ̀gùn yẹn, ara mi tẹ̀ ba fúnra rẹ̀. Kò sí omi níbẹ̀. Ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ́ gbogbo ilẹ̀, oòrùn sì ti ń yan án láti àárọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti ń jó mi, mò ń pa á mọ́ra. Àmọ́ nígbà tí mo tún gbé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ mi lé ilẹ̀ náà, mo ké "Jésù!" mo fò sẹ́yìn, mo sì ń ju ọwọ́ náà fìrìfìrì.

Èmi mọ̀ pé ọwọ́ ló jó mi. Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí àwọn tó wà lẹ́yìn mi rí. Wọ́n rí ìyá Aládùúrà kan nínú aṣọ funfun, tó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn bàálù, tó kúnlẹ̀, tó fọwọ́ kan ilẹ̀, tó ké sí Jésù, tó sì fò padà.

Ọkùnrin alágbádá ńlá kan ló wà lẹ́yìn mi gan-an. Ó rọra sún mọ́ mi, ó ní, "Màmá, kí lẹ rí?"

Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan."

Ó mi orí. Ó yíjú sí àwọn tó kù, ó ní ẹ gbọ́ nǹkan, ìyá ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ó ní ẹni tó bá ń ríran lóòótọ́ kì í sọ ọ́. Mo ní ilẹ̀ ló gbóná. Obìnrin kan lẹ́yìn ní, "Ẹ gbọ́, ó ní iná." Mo ní mi ò sọ pé iná o, mo ní ilẹ̀ gbóná nítorí mi ò wọ bàtà. Obìnrin náà ti ń fi fóònù sọ fún ẹnì kan pé kó máa gbàdúrà. Àwọn tó ti gòkè dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kò pẹ́, wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń ṣàlàyé fún èkejì pé mo ti rí ìyẹ́ apá bàálù náà tó ń jó. Mo wo ìyẹ́ apá náà lóòótọ́, kí ó má baà jẹ́ pé èmi ni mi ò rí i.

Òṣìṣẹ́bìnrin kan sáré wá bá wa, ọmọdébìnrin tó mọ́ tónítóní. Ó kọ́kọ́ fi èdè òyìnbó bẹ̀ wá, nígbà tó yá ó fi Yorùbá bẹ̀ wá, nígbà tó yá kò bẹ̀ wá mọ́. Ó ní tí àwọn tó ti kó ẹrù sínú bàálù bá kọ̀ láti wọlé, wọ́n máa ní láti tú gbogbo ẹrù inú ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó rí tiwọn yọ. Tí wọ́n bá sì tú ẹrù, bàálù máa pàdánù ipò rẹ̀ lórí ìlà, ó sì lè jẹ́ ọ̀la ni a máa tó lọ.

Ọ̀la. Ní ọ̀la, wọn á ti máa yí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi lọ síbi ilẹ̀kùn, yóò sì máa wo ẹ̀yìn bóyá mò ń bọ̀. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Tó bá ní wọn ò ní gbé òun, wọn ò ní gbé e.

Ìgbà náà gan-an ni fóònù mi dún. Ìyá Ìjọ ni. Ó ní ṣé mo ti débẹ̀, orúnkún òun ti ń gbọ̀n. Mo ní mi ò tíì wọlé. Ó bi mí pé ṣé kí àwọn jókòó ná. Mo rántí ìyá ẹlẹ́gùn-ún lẹ́sẹ̀ yẹn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó o." Alágbádá gbọ́ ọ. Ó sọ fún àwọn yòókù pé ìyá ti ń fi fóònù pàṣẹ fún àwọn ajagun àdúrà.

Òṣìṣẹ́bìnrin náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí pé, "Ẹ ṣáà sọ fún wọn, Mọ́mì, pé ẹ rí i pé a máa gúnlẹ̀ láyọ̀."

Mo ní, "Ọmọ mi, mi ò lè sọ pé mo rí ohun tí mi ò rí. Nínú ìjọ wa, àwọn aríran wà. Èmi kọ́. Aṣọ ni mò ń rán fún wọn."

Ó wò mí bíi pé kó bú sẹ́kún. Mo wá kọjú sí gbogbo wọn. Mi ò bá èrò púpọ̀ sọ̀rọ̀ rí láyé mi, mi ò sì gbàdúrà kí n tún ṣe é. Mo ní kí wọ́n dákun. Mo ní ẹ̀rù ló ń bà mí, kì í ṣe ìran ni mo rí. Mo ní omi fẹ́ gbé mi lọ nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́bìnrin, mi ò sì wọ nǹkan tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Mo ní ọmọ mi kan ṣoṣo fẹ́ wọlé fún iṣẹ́ abẹ lọ́la, ó ní òun fẹ́ rí mi. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn.

Alágbádá fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ létí.

Ó ní, "Ó dáa. Tí ẹ bá wọlé, Màmá, a ó wọlé. Tí ẹ ò bá wọlé, ẹnì kankan ò ní wọlé níbí."

Àwọn tó kù ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Gbogbo wọn yà sọ́tùn-ún sósì, wọ́n ṣí ọ̀nà fún mi. Ẹ wò ó, nínú gbogbo èrò tó wà nídìí bàálù yẹn, alágbádá, oníkóòtù, àwọn ọ̀dọ́ tó ti fi nǹkan dí etí, ọwọ́ ẹni tó jẹ́ ojo jù nínú wọn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ lé. Mo wo àtẹ̀gùn. Mo wo òṣìṣẹ́bìnrin náà. Mi ò lè sọ pé ìgbàgbọ́ ló gbé mi gòkè, torí mi ò fẹ́ parọ́. Ilẹ̀ ń jó mi lẹ́sẹ̀, gbogbo èèyàn ń wò mí, àtẹ̀gùn sì tutù díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Mo gun ti àkọ́kọ́. Mo gbọ́ bí àtẹ̀gùn ṣe ń dún kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn mi, mo mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Kò sí bí mo ṣe lè padà mọ́, agbádá yẹn ti dí gbogbo ọ̀nà.

Nínú bàálù, ìjà ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Alágbádá bẹ ọmọkùnrin tó ni ín títí ó fi gbé e fún un. Nígbà tí nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí sáré, tí ó sì gbé imú sókè, mo rí i pé nǹkan kan ń fà mí lápá. Alágbádá ni. Ó ti di ọwọ́ sùtánà mi mú gírígírí, ó di ojú. Nígbà tó yá, ó là á, ó sọ fún mi pé òun máa ń wọ bàálù yìí ní gbogbo oṣù nítorí iṣẹ́ kọngílá tí òun ń ṣe, pé kò sí ìgbà kan tí ẹ̀rù kì í ba òun, òun kàn máa ń ṣe bíi pé òun ń sùn ni. Ó ní òun ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí. Mo ní kó má ṣe ìyọnu, mo ti gbàgbé rẹ̀.

Wọ́n pín bisikíìtì àti ohun mímu. Mi ò fi kan ẹnu, nítorí àwọn tó wà nídùúró ní Ìjẹ̀bú-Igbó náà kò jẹun. Alágbádá bá mi jẹ tèmi. Ó ní òun ò fẹ́ kó ṣòfò.

Níbì kan, ó na ìka sí ojú fèrèsé, ó ní Ọya nìyẹn. Mo ti pinnu pé mi ò ní wo ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n àtìgbà tí mo ti wà láyé, ohun tó wà lábẹ́ ọ̀nà ni mo máa ń wò. Mo wò. Kùrukùru funfun ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà nǹkan kan tó ń dán bí òwú tí wọ́n gbàgbé sórí aṣọ. Mo bi í pé ṣé gbogbo Ọya nìyẹn. Ó ní gbogbo rẹ̀ ni. Kí n tó ronú bóyá kí n kí i tàbí kí n má kí i, a ti kọjá rẹ̀.

Nígbà tí táyà bàálù gbá ilẹ̀ Àbújá, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bíi pé èmi ni mo wà á. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo ti pe Ìyá Ìjọ, mo ní ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni ariwo bẹ́ǹṣì, bí gbogbo wọn ṣe jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wá dé, ó ní kí n bá òun sọ fún Tíṣà pé wákàtí tirẹ̀ gùn o.

Ọkọ ọmọ mi wá pàdé mi. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ mọ́tò ló gbà wá lálejò láti pápákọ̀ dé ọsibítù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ tó ti ojú sánmà. Àmọ́ ilẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò ráhùn. Ilẹ̀ ò tíì ṣú nígbà tí mo wọ yàrá tí wọ́n tẹ́ ọmọ mi sí. Àwọn obìnrin méjì mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ abẹ kan náà. Ọmọ mi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Màámi, ẹ wọ bàálù."

Mo ní, "Mo wọ̀ ọ́."

"Ṣé ẹ̀rù ò bà yín ni?"

Mo mọ̀ pé ìyá mìíràn á sọ pé rárá. Mo ní ó bà mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá odindi bàálù dúró. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí Sáàmù tí wọ́n yẹ̀ wò dé orí ọ̀dà tó jó mi lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ikùn rẹ̀ mú, tí nọ́ọ̀sì fi wá kìlọ̀ fún wa. Àwọn obìnrin méjèèjì náà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ ìbora wọn. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra àtẹ́lẹwọ́ mi tó ti pọ́n.

Ó ní, "Ìgbà tí ẹ wá gòkè yẹn, ṣé ẹ̀rù náà ti lọ ni?"

Mo ní kò lọ. Mo ní a jọ gòkè ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn nọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì onítáyà. Kì í ṣe ọmọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé. Obìnrin tó wà lẹ́bàá fèrèsé ni, ọmọdé ṣì ni, mi ò rí ìyá kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á lọ́wọ́, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó ní òun ò lọ, kí wọ́n pe ọkọ òun. Ẹkún rẹ̀ mú kí èkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ọmọ mi wo obìnrin náà, ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí.

Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ kọ́kọ́ gbé mi."

Nọ́ọ̀sì bá dókítà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kò burú. Ó gun bẹ́ẹ̀dì náà fúnra rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí dé ibi tí wọ́n ní kí n má kọjá, òun náà sì di tèmi mú gírígírí. Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, mo padà sínú yàrá nítorí mi ò rí ibòmíràn lọ. Obìnrin ẹ̀bá fèrèsé ti fi irin bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ó bi mí pé ṣé ẹ̀rù kì í ba ọmọ mi ni.

Mo ní, "Ó ń bà á gan-an ni."

Ó nu ojú rẹ̀. Ó sún díẹ̀, mo jókòó tì í. Àwa méjèèjì ń wo ẹnu ọ̀nà títí tí ọmọ kan fi ké lápá ibẹ̀, tìbínú-tìbínú, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun láìbi í léèrè.